Ojú Abẹ Nínú Orin

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí etí èèyàn lè ṣe, ẹ lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Elétí-Ehoro. Onígbàjámọ̀ ni láti Mọ́ńdè títí dé àárọ̀ Sátidé, díìjéè sì ni lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù náà ò tóbi: àga méjì tó ń yí, dígí kan tó ti là ní igun, fáànù tó ń mi orí bí àgbà tó ń tòògbé, àti sípíkà kékeré méjì tó kàn mọ́ òkè ilẹ̀kùn. Tó bá ń gé irun lọ́wọ́, tí kílípà rẹ̀ ń kùn, ṣàdédé ni yóò dúró, tí yóò gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó gbọ́ ẹsẹ̀ olè lórí òrùlé.

"Ẹ gbọ́ yẹn?"

Oníbàárà á ní òun ò gbọ́ nǹkan kan.

"Àwo idẹ ara ìlù yẹn! Ó yẹ kó máa dún ṣìn-ìn, bí òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí páànù. Ẹ wò ó, ńṣe ló ń dún ṣùù bí ẹni tó ń tutọ́!"

Oníbàárà á fọwọ́ pa orí tí wọ́n ti gé dé ìdajì. "Elétí-Ehoro, irun ni mo wá gé o. Mi ò wá yẹ etí wò."

Bó ṣe gba orúkọ náà nìyẹn. Ẹ sì mọ ehoro: etí rẹ̀ gùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Etí gígùn ló mú kí wọ́n mọ ọ̀gbẹ́ni yìí káàkiri. Àìfọkàntánni ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Ẹnìkejì rẹ̀ nínú iṣẹ́ díìjéè ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wáyà, ẹni tó ń tún iná mànàmáná ṣe láti ilé dé ilé. Láti kíláàsì kan náà ni wọ́n ti mọra, nígbà tí wọ́n jọ ń jẹ pàṣán nítorí ariwo. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni wọ́n ti jọ ń fi orin dá àwọn oníjó lára yá ní gbọ̀ngàn ijó kan lẹ́yìn ibùdókọ̀. Wáyà á so okùn, á yẹ iná wò. Elétí-Ehoro á dúró sẹ́yìn tábìlì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, á fi hẹ́dífóònù bo etí kan, á fi ìkejì sílẹ̀ fún aráyé. Àwọn tó ń wá jó níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ kékeré. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tí kò níṣẹ́ lọ́jọ́ náà wà níbẹ̀, títí kan tọkọtaya tó ti ń fajú ro síra láti àárọ̀, tí wọ́n fẹ́ fi ijó parí ìjà.

Wàhálà dé lọ́jọ́ tí gbọ̀ngàn náà ra sípíkà tuntun. Háà! Sípíkà tó ga tó ilẹ̀kùn! Ti àtijọ́ ti gbó, ó ti dà bí arúgbó tí kò leyín: gbogbo nǹkan tó bá wọ ẹnu rẹ̀, bákan náà ló ń jáde. Ti tuntun yìí ò fi nǹkan kan pamọ́. Ní Sátidé àkọ́kọ́, orin kan yóò jáde gaara, kí àwọn èèyàn tó jó débì kan, èyí tó tẹ̀ lé e á sì rọ pẹ̀lẹ́ńgẹ́, kò lórí, kò mú. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì dúró láàárín ijó, ó ń wo òkè bí ẹni tí iná lọ mọ́ lórí.

Nígbà tí ijó parí, máníjà gbọ̀ngàn náà wá bá wọn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ̀rín rẹ̀ wọ́n bí òjò ọ̀gbẹlẹ̀.

"Díìjéè, kí ló ṣẹlẹ̀? Orin kan mọ́ bí omi inú gíláàsì. Òmíràn dà bí ohùn ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Ẹ má sì sọ pé sípíkà ni o, ọjọ́ mẹ́ta péré ló lò níbí."

"Màá wò ó, mà."

"Ẹ wò ó dáadáa. Ẹ ní Sátidé kan sí i. Tí mo bá tún gbọ́ ìrọ̀rí yẹn, ẹlòmíì wà tó ti ń bẹ̀ mí pé kí n fún òun ní ọjọ́ yìí."

Ọdún mọ́kànlá, ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan.

Elétí-Ehoro ò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń gbé e lọ́kàn rèé. Oríṣi fáìlì méjì ni àwọn díìjéè máa ń jiyàn lé lórí jù. MP3 fúyẹ́, torí pé wọ́n ti yọ ohun tí wọ́n rò pé etí ò ní fẹ́ kù nínú rẹ̀. WAV wúwo, torí pé wọn ò yọ nǹkan kan. Ẹ̀tanú tí Elétí-Ehoro ní sí MP3 kò ṣeé fẹnu sọ. "Ẹni tó bá fún mi ní MP3," ló máa ń wí, "egungun ló fi lọ̀ mí, ó ti jẹ ẹran rẹ̀." Gbogbo orin tó wà lórí dísìkì rẹ̀, WAV ni. Gbogbo rẹ̀ pátá! Ó lè fi ìyẹn búra.

Tó bá wá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni WAV ṣe ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí? Ẹnì kan ti fọwọ́ kàn án ni.

Ta ló fọwọ́ kàn án?

Oṣù tó kọjá, Wáyà yá dísìkì náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní òun fẹ́ ṣa orin fún ìgbéyàwó àbúrò òun obìnrin. Nígbà yẹn, Elétí-Ehoro ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ ní báyìí, ó yí ọjọ́ mẹ́ta náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ọjọ́ mẹ́ta! Kí lèèyàn ń fi odindi ọjọ́ mẹ́ta ṣe lórí dísìkì? Àfi kó jẹ́ pé ó kó ojúlówó orin fún díìjéè kejì tó ń bẹ máníjà, tó sì fi yẹpẹrẹ dí àyè rẹ̀. Ó kó àgbàdo, ó dá háríhá padà!

Bí ìfura bá ti wọlé, kì í dá jókòó, ńṣe ló máa ń ránṣẹ́ pe àwọn ará ilé rẹ̀. Elétí-Ehoro bẹ̀rẹ̀ sí í rántí. Ó rántí pé òun bá Wáyà àti máníjà lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn lọ́jọ́ kan, tí àwọn méjèèjì sì panu mọ́ bí òun ṣe yọ. Ó rántí àpò tuntun tí Wáyà ń gbé kiri, tó máa ń fa síìpù rẹ̀ pa. Ó tún rántí pé Wáyà kí òun lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ Tọ́sìdè.

"Ta ló ń kí èèyàn lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan," ó bi ìyàwó rẹ̀, "tí kò bá ní nǹkan tó ń bò mọ́lẹ̀?"

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkówèésí, ń to aṣọ tó ti gbẹ. "Bóyá ó gbàgbé pé òun ti kí yín."

"Wáyà kì í gbàgbé nǹkan."

"Ẹ ò wá bi í?"

"Kí n bi í, kó lè lọ múra irọ́ sílẹ̀?"

"Ó dáa, Dádì." Ó ká ṣòkòtò kan sí méjì. "Ẹ̀yin lẹ ní etí ehoro. Èmi ò lẹ́sẹ̀ tí mo lè fi bá yín sáré."

Ọjọ́ Túsìdè ló rí ẹ̀rí. Ètò kan wà tó máa ń ya àwòrán orin sójú kọ̀ǹpútà: ohùn béèsì á wà nísàlẹ̀, ohùn tó tín-ín-rín jù á wà lókè pátápátá. Elétí-Ehoro gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ó fi orin kan tó ń dún gaara sínú rẹ̀. Àwòrán náà hù láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó kún dẹ́dẹ́ bí irun tí wọn ò gé fún ọdún kan. Ó wá fi orin onírọ̀rí kan sí i. Nísàlẹ̀, ó kún. Àárín, ó kún. Ó ku díẹ̀ kó dé òkè, wàìì! Ó gé. Ìlà kan là á kọjá, ó tọ́ gbọọrọ, kò sí nǹkan kan lókè rẹ̀ ju òkùnkùn lọ.

Elétí-Ehoro fò dìde. Ó mọ ìlà náà! Ogún ọdún ló ti ń fa irú rẹ̀ sí iwájú orí àwọn èèyàn. Ojú abẹ ni! Wọ́n ti fárí orin òun!

Ó wo òmíràn. Ojú abẹ. Òmíràn. Ojú abẹ. Nígbà tó fi máa kà wọ́n tán, ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìdínlógún orin ni wọ́n ti gé. Ẹ ò rí nǹkan! Inú ń bí i, inú rẹ̀ sì tún ń dùn, bí ìgbà téèyàn mú eku tó ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin. Ó yí páswọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ní Wẹ́sìdè, Wáyà yà sí ṣọ́ọ̀bù bó ti máa ń ṣe. Oníbàárà méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí àga, ọ̀kan lórí bẹ́ǹṣì.

"Elétí-Ehoro, báwo niṣẹ́?"

"Iṣẹ́ wà. Olè náà wà."

"Ha! Wọ́n jà ẹ́ lólè?"

"Wọn ò fọ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó mọ ilé ni."

"Kí ni wọ́n gbé?"

"Ohun tí ò ṣeé fojú rí."

Wáyà wo ṣọ́ọ̀bù yíká, láti orí fáànù dé orí dígí. "Ọpọlọ ẹ ni wọ́n gbé nìyẹn."

Ẹni tó wà lórí àga rẹ́rìn-ín débi pé kílípà fẹ́rẹ̀ẹ́ gé etí rẹ̀. Elétí-Ehoro ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn ń wo Wáyà nínú dígí. Ó ní, "Ẹni tó dalẹ̀, á bálẹ̀ lọ."

"Àmín," ni Wáyà wí, ó sì fi ọwọ́ lu férémù ilẹ̀kùn. "Màá wá gé tèmi láàárọ̀ Sátidé, ká tó lọ síbi iṣẹ́." Ó jáde. Àmín tó ṣe yẹn gan-an tún dá kún ìfura Elétí-Ehoro. Irú ọkàn wo ló wà láyà èèyàn tó ń ṣe àmín sí èpè ara rẹ̀?

Ní Tọ́sìdè, ó ṣe ohun tí kò yẹ kó ṣe. Ó gba ọ̀dọ̀ máníjà lọ.

"Mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀ náà, mà. Ẹnìkejì mi ló ń ba orin mi jẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí Sátidé dáa, ẹ ní kó má wá."

Máníjà bi í: "Ṣé ó dá yín lójú?"

"Etí mi ò parọ́ fún mi rí."

Máníjà mú fóònù rẹ̀.

Aago márùn-ún ò tíì lù tí Wáyà fi wọ ṣọ́ọ̀bù, síkírú-dráífà ṣì wà ní bẹ́líìtì rẹ̀, eruku sìmẹ́ńtì ṣì wà ní irun rẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni. Kò sí oníbàárà níbẹ̀, a dúpẹ́.

"Máníjà pè mí. Ó ní kí n má wá mọ́, ó ní ìwọ lo sọ ọ́. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n wá bi ẹ́. Mo ti dé."

Elétí-Ehoro sún àwọn kóòmù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì iwájú dígí, ó ṣí àwòrán náà. "Wo ìlà yẹn."

Wáyà tẹ̀ síwájú. Ó wò ó pẹ́. "Mo rí i. Wọ́n gé e lóòótọ́. Ta ló gé e?"

"Èmi ni wàá bi? Ọjọ́ mẹ́ta ni dísìkì yìí fi wà lọ́wọ́ ẹ!"

"Àbúrò mi ò lè mú orin kan ṣoṣo fún ijó rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ ẹ̀. Ohun tó gba ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn." Wáyà nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Ọjọ́ wo ni wọ́n ṣe fáìlì yìí?"

"Ọjọ́ wo kẹ̀?"

"Gbogbo fáìlì ló ní ọjọ́ orí, Elétí-Ehoro. Ṣé o ò wò ó rárá?"

Kò wò ó. Ẹ gbọ́ ná! Ọkùnrin tó lè gbọ́ àwo idẹ tó dákẹ́, tó ka ọ̀ọ́dúnrún orin ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò wo ọjọ́ tó wà lára wọn lẹ́ẹ̀kan. Etí ló fi ń mọ orin, ojú ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Wáyà tẹ bọ́tìnnì kan, àwọn ọjọ́ sì tò wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ orin, gbogbo wọn láti ọjọ́ kẹrin sí ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kan náà. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn.

"Ọdún mẹ́sàn-án," ni Wáyà wí. "Oṣù kẹta. Níbo ni mo wà lóṣù yẹn?"

"Mi ò mọ̀."

"Èmi mọ̀. Mo wà lórí àtẹ̀gùn ilé ẹ. Mo gbé ẹ pọ̀n dé láti ilé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ ẹ ló kán."

Fáànù yí orí lọ, ó yí orí bọ̀. Gbogbo rẹ̀ padà wá sọ́kàn Elétí-Ehoro bí ìgbà tí wọ́n tan iná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì funfun, lórí ìrọ̀rí méjì. Kọ̀ǹpútà lórí ikùn rẹ̀. Ìgbà yẹn, kò tíì mọ nǹkan kan nípa fáìlì. Oníbàárà kan ló sọ fún un pé WAV dáa ju MP3 lọ torí pé ó tóbi. Òun náà sì wá ètò kan rí tó ń sọ MP3 di WAV, bọ́tìnnì kan péré! Ọjọ́ mẹ́fà ló fi tẹ̀ ẹ́. Bí fáìlì kọ̀ọ̀kan ṣe ń wú sí ìlọ́po mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni orí rẹ̀ ń wú. Nígbà tó parí, ó pa àwọn MP3 náà rẹ́, ó sì búra pé òun ò ní gbé egungun wọlé mọ́ láé.

Bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ti yọ kúrò nínú orin ti lọ nìyẹn. Tí èèyàn bá da ife tíì kan sínú korobá, ṣé tíì náà pọ̀ sí i ni? Ó yẹ kí onígbàjámọ̀ ju gbogbo èèyàn lọ mọ èyí: irun tó ti bọ́ sílẹ̀, tí wọ́n ti gbá dànù, fìlà ńlá kò lè dá a padà sórí. Láti ọdún mẹ́sàn-án ni orin fífá yẹn ti wà lábẹ́ fìlà. Sípíkà arúgbó ni kò jẹ́ kó hàn.

"O wọ ẹ̀wù bàbá fún ọmọ kékeré," ni Wáyà wí, "o wá ń bínú pé ọmọ ò hu irùngbọ̀n."

Ọ̀rọ̀ náà pa èèyàn lẹ́rìn-ín, Elétí-Ehoro sì fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ Wáyà ò rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ ń sọ lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn, ìwọ àti máníjà?" Ó bọ́ lẹ́nu Elétí-Ehoro kó tó mọ̀.

Wáyà tú síìpù àpò tuntun náà, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí àga. Okùn sípíkà ni, àti téèpù dúdú. "Mo ní kó wá àga gíga kan sẹ́yìn tábìlì fún ẹ. O ti ń dúró fún wákàtí mẹ́rin lórí ẹsẹ̀ tó kán. Mo ní kó má sọ fún ẹ, torí o máa ní o ò jókòó." Ó kó okùn rẹ̀ padà. "Ọdún mọ́kànlá. O ò lè bi mí."

Ó lọ. Kò lu férémù ilẹ̀kùn.

Elétí-Ehoro mú fóònù. Ó pe máníjà. "Máníjà, mo purọ́ mọ́ Wáyà. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni, àmọ́ irọ́ ni. Èmi gan-an ni mo ba orin mi jẹ́."

Máníjà dáhùn: "Kí ni mo wá ń fi yín ṣe nígbà náà?"

"Ẹ ṣèlérí Sátidé kan. Ẹ jẹ́ kí n lò ó, mà. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ ní kí Wáyà máa bọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ lé e. Ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ pè é."

Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Kò gbé e. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: *Èmi ni mo jẹ̀bi. Máníjà ti mọ̀. Jọ̀ọ́, wá.* Kò sí èsì.

Ní Fúráìdè, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Òun àti ìyàwó rẹ̀ fa páálí àwọn CD àtijọ́ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń tún èyí tí wọ́n bá rí gbé sínú kọ̀ǹpútà láìyọ nǹkan kan. Ìyàwó rẹ̀ ń ka orúkọ orin bó ṣe ń ka ìwé níbi iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n rí àwọn orin kan tí CD wọn ò sí, tí àwọn olórin fi MP3 tó nípọn jù ránṣẹ́ sí i, èyí tí wọn ò yọ ju díẹ̀ lọ nínú rẹ̀.

"Egungun," ni Elétí-Ehoro wí.

"Ẹ kẹ̀yìn sí mi," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Màá ṣe orin CD kan ní MP3 nípọn àti ní WAV, màá máa fi ọ̀kan dún. Ẹ sọ èyí tó jẹ́."

Ìgbà mẹ́wàá ni wọ́n ṣe é. Ìgbà márùn-ún ló gbà á, ìgbà márùn-ún ló ṣì í. Ajá tó ń ju ìrù lásán lè ṣe bẹ́ẹ̀.

"Dádì," ìyàwó rẹ̀ rọra wí, "bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀." Elétí-Ehoro fi MP3 náà sínú dísìkì láìjanpata. Kékeré tó mọ̀ pé òun kéré, ó sàn ju kékeré tó ń pe ara rẹ̀ ní ńlá.

Lọ́sàn-án Sátidé, ó dé gbọ̀ngàn, ó bá okùn tí wọ́n ti so. Wáyà wà lórí àkàbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, kò wẹ̀yìn. Wáyà ti gé irun. Ibòmíì ló ti gé e! Ìlà iwájú orí rẹ̀ wọ́ lọ sápá òsì bí ọ̀nà oko. Elétí-Ehoro rí i, ó dùn ún ju èébú lọ. Ẹ̀yìn tábìlì, àga gíga kan wà níbẹ̀. Ó jókòó sórí rẹ̀.

Máníjà dúró láàárín gbọ̀ngàn, ó káwọ́ mọ́ àyà. Orin àkọ́kọ́ jáde. Àwo idẹ dún ṣìn-ìn! Ó dún láti igun dé igun, bí òjò lórí páànù! Nọ́ọ̀sì na apá, awakọ̀ bọ́ọ̀sì gbé ẹsẹ̀, tọkọtaya kan gbàgbé pé àwọn ń bínú. Orin kejì. Orin kẹta, MP3 nípọn nì: Elétí-Ehoro di eyín, ó ń wo ojú máníjà. Máníjà ò ṣẹ́jú. Orin kẹrin, ó tú ọwọ́ rẹ̀.

Nígbà tó parí, ó wá bá wọn. "Mi ò gbọ́ ìrọ̀rí."

"Ṣé kí n máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mà?"

"Ẹ̀yin méjèèjì. Mi ò gba ẹyọ kan."

Elétí-Ehoro wo Wáyà. Wáyà ń ká okùn. "Wáyà, má bínú. Mi ò ṣe é dáadáa rárá."

"Mò ń ká okùn," ni Wáyà dáhùn.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kí ṣọ́ọ̀bù tó kún, Wáyà wọlé, ó jókòó sórí àga tó sún mọ́ dígí. Ó tọ́ka sí iwájú orí rẹ̀. "Tún un ṣe. Níbi iṣẹ́, wọ́n ń bi mí bóyá ẹni tó ń tòògbé ló gé e."

Elétí-Ehoro so aṣọ funfun mọ́ ọn lọ́rùn. Ó pa orin tó ń dún lókè ilẹ̀kùn. Ó gbé kílípà, ó tẹ̀ mọ́ ọn, ó wo inú dígí. Ojú Wáyà là kedere, ó ń tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀.

"Pajú dé, irun á bọ́ sí i."

"Kí n pajú dé? Lọ́wọ́ ẹ?" Wáyà tún ara rẹ̀ jókòó. "Gé e. Mò ń wò ẹ́."

Ó gé e díẹ̀díẹ̀, láti apá òsì dé apá ọ̀tún, kò sì gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan.